Táyà Tí Wọ́n Sín Ní Gbẹ́rẹ́: Ìrìn Wa Láti Calgary sí Golden

Ẹ̀yin ará ilé, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la gbéra ní Taradale, àdúgbò wa ní Calgary, lọ́jọ́ Tuesday kan nínú ìgbà òtútù, lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí gbogbo Calgary ń fọwọ́ lẹ́rán. Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ o. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, irun imú mi gan. Bùkọ́lá ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kúlà ìrẹsì àti ẹja díndín lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Daddy Tèmi, ẹ rọra wà á o. Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá dé.”

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nídìí ìrìn náà. Ẹnjiníà páìpù ni mí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ epo tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti ní kí n máa lọ sílé. Mo ti sọ fún Bùkọ́lá pé bí iṣẹ́ tuntun tí mo rí yìí kò bá dúró, màá padà sí Nàìjíríà lémi nìkan, torí ọ̀rẹ́ kan ti fi iṣẹ́ lọ̀ mí ní Port Harcourt. Òun àti Tèmi ọmọ wa, ọmọ ọdún méje, á máa gbé Calgary. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà wà ní báńkì, mi ò fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tuntun ọ̀hún kò le ní sísọ: wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Golden, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn àwọn òkè ńlá ní British Columbia, wọ́n sì fẹ́ ẹni tí yóò máa fa ẹ̀rọ amúlégbóná wá láti Calgary lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìrìn àkọ́kọ́ ni ìdánwò. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dé kó tó di aago méjìlá ọ̀sán, torí aago kan ni wọ́n máa da kọnkéré. Kọnkéré tí òtútù bá mú kó tó le, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Múftáù ló bá mi lọ. Pineridge ni wọ́n ń gbé, ẹnjiníà ni àwọn náà, wọ́n sì fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. A kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún wa ní ìwé “ẹ máa lọ sílé”, ìwé yẹn ló sọ wá di ẹbí.

Ọwọ́ ọkùnrin kan ní àdúgbò Mahogany, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi tiwa, ni mo ti ra mọ́tò pickup tá a gbé lọ. Lọ́dún yẹn, kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ máa wọ̀ tí wọn ò ti gbé ìwé “For Sale” sójú pickup. Trailer tí à ń fà kì í sì í ṣe tírélà tiwa nílé tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré ni, ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n máa ń so ó mọ́.

Eyín táyà tó bá mọ́tò wá ti jẹ tán, ni mo bá lọ yan òmíràn lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n ń pè ní all-terrain, ìyẹn táyà tó lè tẹ ilẹ̀ yòówù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná tọ eyín rẹ̀, kí ni mo rí? Abẹ ti gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yíká! Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń ta táyà tokunbọ̀ nílé, tí wọ́n á gba táyà tó ti kú, tí wọ́n á fi abẹ gbígbóná gé eyín tuntun sí i lára, tí wọ́n á wá fi pólíṣì dúdú pa á. Irú rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Tọ́lá, àbúrò bàbá mi, rà tó fi bẹ́ lábẹ́ wọn lọ́nà Ṣágámù, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n sì ń tiro di òní. Mo wo ọmọkùnrin náà, mo ní “No, thank you,” mo bá ọ̀nà mi lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ti ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti wá rí táyà tó wù mí. Táyà ẹrẹ̀ ni, eyín rẹ̀ gàgààgà, ó ń dán, abẹ kankan ò kàn án. Irú tí àwọn tó ń kó igi gẹdú máa ń lò nínú ẹrẹ̀ nílé ni. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. “Àbúrò, táyà rèé! Eléyìí á máa gbẹ́ snow bí ọkọ́ ni.” Àwa méjèèjì kí ara wa kú orí ire.

A gba Stoney Trail, a yà sí òpópónà tó lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó tẹ́jú, kò sì sẹ́ni tó ń sáré wá fi búrẹ́dì tàbí ọsàn lọ̀ yín. Ibi tá a ti rọ epo la ti ra kọfí méjì àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin méjì ní dọ́là mẹ́rìnlá. Epo mọ́tò pọ́ọ́kú.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ohun tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ ló jẹ́ kí epo pọ́ọ́kú yẹn o. Enjoy it.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbí: chinook. Atẹ́gùn gbígbóná ni, orí òkè ló ti ń wá láàárín òtútù, á yọ́ gbogbo snow lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ará ìlú á bọ́ kóòtù, inú wọn á máa dùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti lọ, omi tó fi sílẹ̀ á dì sójú títì, ẹ ò sì ní rí i, torí àwọ̀ títì náà ló máa ń ní. Chinook fẹ́ lọ́jọ́ Monday. Èmi ọmọ ilẹ̀ gbígbóná sì ń yọ̀ pé ọ̀nà ti mọ́.

A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Scott Lake Hill nígbà tí mo fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́. Mọ́tò kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ ni. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, mo rí trailer tó ń yí bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni fẹ́ bá wa sáré ìje.

Ẹ̀gbọ́n pariwo, “Lá iláhà illalláhù! Gbẹ́sẹ̀ kúrò! Má tẹ bíréèkì!”

“Jésù!” lèmi náà ké. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú gírígírí. Trailer rọra padà sẹ́yìn wa, mọ́tò sì rì sínú snow lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Tèmi ọmọ mi nìkan ló wà lọ́kàn mi.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ táyà. “Àbúrò, ó ti le bí igi. Ṣé ká padà?”

“Tá a bá padà, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.”

“Tá a bá sì kú ńkọ́?”

Àdéhùn wa ni pé ká máa rá pálá lọ sí Canmore, ìlú tó kàn níwájú, ká wá ẹni tó mọ̀ nípa táyà. A wa snow kúrò nídìí táyà títí mọ́tò fi jáde, a tan iná ìkìlọ̀, ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ yá jù wá lọ. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó débẹ̀, aago sì ti lé díẹ̀ ní mẹ́jọ.

Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Gordon ló ni ṣọ́ọ̀bù tá a yà sí. Ó wo táyà mi, ó bèèrè ẹni tó tà á fún mi pé kí n fi rìn lórí yìnyín. Mo ní èmi ni mo yàn án fúnra mi. Kò bú mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí: kí ni mò ń fà, níbo ni mò ń lọ, ṣé màá sì máa bọ́ ọ bí òtútù bá lọ. Mo dáhùn: ẹ̀rọ, orí òkè àti ojú ilẹ̀ olókùúta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mi ò sì lágbára táyà oríṣi méjì. Ó wọlé, ó yí all-terrain kan jáde.

Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ abẹ yẹn náà ni!

Mo ní, “Sir, somebody has re-cut this one.” Kò yé e. Mo bá ṣàlàyé, mo sọ ti Bọ̀ọ̀dá Tọ́lá fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mirí, ó ní ó mà ṣe o. Ó wá fi àwọn irun rọ́bà tín-ín-rín tó ṣì wà lára táyà náà hàn mí, irun tí táyà kì í ní mọ́ tó bá ti rìn. Ó ní láti inú mọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti gé e bẹ́ẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ eyín rẹ̀, ojú abẹ náà là. Ó ní etí ojú abẹ kọ̀ọ̀kan ló ń di yìnyín mú; táyà ẹrẹ̀ tèmi kò ní ohun tó máa fi dì í mú, rọ́bà rẹ̀ sì máa ń le nínú òtútù.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Àbúrò, gbẹ́rẹ́ ni! Wọ́n ti sín in ní gbẹ́rẹ́ látilé! Òyìnbó tó ní gbẹ́rẹ́ ò dáa, táyà ẹ̀ ló wá ń sín ín fún.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, Gordon náà ń bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ká ra èyí tó jẹ́ ti ìgbà òtútù nìkan, tó rọ̀ jù. Gordon ní lóòótọ́, ìyẹn ló mọ yìnyín dì jù, àmọ́ okúta á tètè jẹ ẹ́, ooru á sì pa á tí mi ò bá bọ́ ọ. Ó fi àmì méjì hàn mí lára all-terrain náà pé bí mi ò bá rí wọn, kí n má rà á. Èkínní ni òkè olórí mẹ́ta tí wọ́n ya snow sí láàárín, tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò nínú snow. Èkejì ni lẹ́tà E, pé ara rẹ̀ nípọn tó láti ru ẹrù. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá rọ̀ á máa jó tí trailer bá wà lẹ́yìn.

Ẹgbẹ̀fà dọ́là ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó kan ṣoṣo ni mo ní tó tó bẹ́ẹ̀.

Mo bọ́ síta, mo pe Bùkọ́lá. Mo sọ bí mọ́tò ṣe yọ̀ lórí yìnyín fún un, mi ò bò ó. Mo ní, “Owó tíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ni mo fẹ́ fi ra táyà.”

Mo gbọ́ tó ń fọn imú.

“Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ rà o,” ló wí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ká tó kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́tò ti yàtọ̀. Mo tẹ bíréèkì wò, ó dúró bí ọmọ tó gbọ́ràn. Lẹ́yìn ìlú Banff, a gba abẹ́ afárá tí igi hù lé lórí kọjá, wọ́n ní ẹranko ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ̀gbọ́n ní nílé, àwọn ọdẹ ì bá ti gbé àga síbẹ̀ dúró de àgbọ̀nrín. A wọ British Columbia, wọ́n sì ya òkè àti snow tí Gordon fi hàn mí sára pátákó ẹ̀gbẹ́ títì, pé ẹni tí kò bá ní in kó má kọjá. Mo kí pátákó náà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kicking Horse ló kẹ́yìn. Odò kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, “ẹṣin tó ń tàpá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹṣin náà kò ta wá nípàá.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá la dé. Marlene, obìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà, ka ẹ̀rọ, ó wo aago, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà mi. Ó ní ṣé a ó wá ní Tuesday tó ń bọ̀, àti títí òtútù á fi lọ?

Kí n tó lanu, Ẹ̀gbọ́n ti ní, “Inṣá Alláhù!”

Marlene bi mí bóyá yes nìyẹn. Mo ní yes ni.

Inú mọ́tò la ti jẹ ìrẹsì wa, ó ti tutù, kò sì sí oúnjẹ tó dùn tó o láyé yìí. Àlejò lójú, kò fi ríran: ohun tí mo kọ́ nìyẹn. Ojú tí mo gbé wá látilé kì í ṣe ojú òpè, ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ́wọ́ ikú. Àmọ́ ì bá pa mí lórí Scott Lake Hill torí pé mi ò bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Tèmi wà nídìí tábìlì, ó ń ṣe homework. Ó gbójú sókè.

“Daddy, are you still going to Nigeria?”

Mi ò mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo kúnlẹ̀ tì í. “Rárá, ọmọ mi. Golden ni mò ń lọ, every Tuesday.”

“Is it far?”

“Ó jìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ láàárọ̀, màá ti dé kó o tó jẹun alẹ́.”

Ó ronú sí i. Ó mú kírọ́yọ̀nù, ó lọ síbi kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì, ó kọ “Golden” sí gbogbo Tuesday tó kù nínú oṣù náà. Bùkọ́lá nọwọ́, ó ṣí oṣù tó kàn fún un.