Òmìnira tí Wọ́n Fún Àjọ Ilé

Susannah Adébùsọ́lá kì í rí ìwà ẹ̀tàn kó dákẹ́. Tíṣà ni ní Ìbẹfún kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì wá ń gbé inú ilé tí Àjọ Ilé ti ìjọba kọ́ sí ẹ̀yìn odi Ìjẹ̀bú-Òde. Àjọ yìí ló dúró fún un ní báńkì nígbà tó ra ilé náà. Lóṣooṣù ni wọ́n sì ń gba owó adójútòfò lọ́wọ́ rẹ̀, pé bí jàǹbá bá ṣe ilé náà, àwọn yóò tún un ṣe.

Ní ọdún 1987, ìjì ṣí òrùlé yàrá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Walter, ọ̀gá Àjọ náà, ní òun kò láṣẹ láti ra ìṣó kan, àfi bí kọmíṣọ́nnà tó wà ní Abẹ́òkúta bá sọ̀rọ̀. Òjò pa bẹ́ẹ̀dì Susannah títí ó fi jẹrà. Abẹ́òkúta kò sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó yá, ìjọba kéde pé Àjọ náà ti dá dúró, kọmíṣọ́nnà kankan kò ní pàṣẹ fún un mọ́. Wọ́n pa màlúù, wọ́n kun pátákó tuntun. Susannah lọ wòran. Walter ṣì wà lórí àga rẹ̀, àna kọmíṣọ́nnà sì ni alága ìgbìmọ̀ tuntun. Susannah yínmú.

Lọ́jọ́ kejì, ó kí Walter kú oríire, ó ní kó wá kan òrùlé òun.

“Ẹ ní sùúrù, mà,” ni Walter wí. “Kọmíṣọ́nnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.”

“Èyí tí kò láṣẹ lórí yín mọ́?”

“Òun ló fún wa lómìnira, mà. A ò lè ṣe bí aláìmoore.”

Susannah kò bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé sítóòfù, ìkòkò àti ewùrà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà, ó jókòó, ó ń rin ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Ẹni tó bá bi í, ó ní ilé òun ń jò, òun wá bá Àjọ Ilé gbé ni. Èrò pé lé e lórí. Walter kò lè lé e. Ó sáré sídìí tẹlifóònù, ó ń pariwo bi Abẹ́òkúta bóyá wọ́n gba òun láyè láti lé ìyá àgbà kan kúrò. Gbogbo àwọn tó wà níta ló gbọ́. Àbúdù, ọlọ́dẹ ọ́fíìsì, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ìdáhùn kọmíṣọ́nnà kò pẹ́: kí wọ́n tún ilé náà ṣe kí àwọn oníwèé ìròyìn tó débẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, káfíńtà ti kan páànù tuntun.

Kúbúrátù, aládùúgbò rẹ̀, ní òmìnira yìí mà wúlò.

“Òmìnira kọ́,” ni Susannah dá a lóhùn. “Ìtìjú ni.”

Kí Kérésì tó dé, wọ́n yọ Walter nípò. Kọmíṣọ́nnà ló yọ ọ́. Orí rédíò ni Àjọ tó dá dúró náà ti gbọ́, bíi ti gbogbo ará ìlú.