Omi Wàláà Nínú Yanrìn Fuseina

"Ààlọ́ mi tún dé o!"

"Kó máa wọlé bọ̀, Màmá, etí wa ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é!"

Kò já lu ọba, kò já lu ẹranko. Ó já lu obìnrin kan tí ẹ máa ń kí láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa yìí: Ràzíátù, tíṣà tó ń kọ́ni ní ilé ìwé tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí.

Ìlọrin ni bàbá ẹ̀ ti wá, àmọ́ Asawase, àdúgbò wa níbí, ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Kò tíì ga ju odó lọ tó ti ń ṣe tíṣà. Á to òkúta sójú kan, á máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, òkúta tí kò bá dáhùn, á nà án. Nígbà tó wá di tíṣà tòótọ́, wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní sáyẹ́ǹsì. Á kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á há a sórí: "Omi ń di ooru, ooru ń di òjò!" Wọ́n á pariwo ẹ̀ títí tí ẹni tó ń lọ wọ ọkọ̀ tirotíro lọ sí ọjà Kejetia á fi mọ̀ ọ́n.

Tó bá fẹ́ máa lọ sílé, àwọn ọmọ á máa jà sí àpò ẹ̀. "Èmi ni màá gbé e!" "Irọ́ ẹ, èmi ni!" Ẹ ò rí i, ohun tó ń dùn mọ́ Ràzíátù láyé yìí jù nìyẹn.

Ni Fuseina, tíṣà tuntun, bá dé láti ìlú Tamale. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ojú ẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín kí ẹnu ẹ̀ tó là. Kì í kọ nǹkan sára bọ́ọ̀dù ná. Ìta ló ń kó àwọn ọmọ lọ. Á ní ẹ gbin ẹ̀wà yìí, ẹ wò ó. Ẹ so wáyà mọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká rí i bóyá á tàn. Ó tàn lóòótọ́, àwọn ọmọ fò sókè: "Ɛyɛ fɛ paa! Ó mà rẹwà o!"

Lọ́jọ́ náà, Ràzíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó gbé àpò sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e sọ́wọ́ òsì. Ó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó wá. Gbogbo wọn ló rọ̀ mọ́ Fuseina bí eṣinṣin ṣe ń rọ̀ mọ́ ìrèké.

Ọ̀gá Bákàrè, olórí ilé ìwé, wá dá kún un. Ó ní tí sáà bá parí, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa kọ́ gbogbo àwọn ọmọ ńlá ní sáyẹ́ǹsì, òun yóò sì yan ẹni tó bá yẹ.

Háà! Láti ìgbà yẹn, wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí Ràzíátù fẹ́ràn, kò lọ lọ́fun ẹ̀ mọ́. Ó wá jókòó tì mí.

"Màmá, ẹ ò rí ìdọ̀tí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ? Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?"

"Mo rí i. Mo tún rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin náà, Màmá? Fuseina ti ra ẹ̀yin náà?"

Ó fi ìbínú ká aṣọ ẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

Nígbà tó yá, Fuseina ní kí oníkálùkù mú omi tó dọ̀tí wá láti ilé. Ó gé ìdí àwọn ike omi, ó dojú wọn kọ ilẹ̀, ó fi àkísà dí ẹnu wọn, ó da èédú sí i, ó da yanrìn lé e, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ borí ẹ̀. Ọmọ kan mú omi ìfọṣọ wá, òmíràn mú omi ìfọbọ́. Rùqáyyà ní tiẹ̀ ti ilé kéwú bọ̀ ni. Àfáà Jùnáídù ti fọ wàláà, pátákó tí wọ́n fi tàdáwà kọ Kùránì sí, fún un láàárọ̀, ó fún un ní omi hàǹtú náà pé kó mu ún kí orí ẹ̀ lè jí sí kéwú. Ẹ mọ̀ pé ó korò. Rùqáyyà wo omi náà, ó dúdú minimini. Ó ní omi tó dúdú jù nílé àwọn nìyí. Ó yí i dà sórí yanrìn!

Omi dúdú wọlé, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ló ń kán jáde. Nígbà tí Fuseina gbọ́ irú omi tó jẹ́, ó gbé abọ́ sábẹ́ ike náà.

"Rùqáyyà, má da ìkankan nù. Tó bá kán tán, a ó gbé omi àti yanrìn lọ sídìí igi máńgòrò lẹ́yìn mọ́sálásí, níbi tẹ́sẹ̀ kì í tẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Ràzíátù, tó ti ń yọjú lójú fèrèsé, gbọ́ ọ̀rọ̀ wàláà, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó já wọlé.

"Subhánallàhi! Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ ń sẹ́ bí ògì!"

Ó gba ike náà, ó sáré jáde, ó sì dà á sí gọ́tà pátá. Owú ti bò ó lójú. Bó ṣe dà á tán, ilé Àfáà ló gbà lọ.

Àfáà Jùnáídù dé, Ọ̀gá Bákàrè tẹ̀ lé e. Ràzíátù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú ẹ̀ ń dán. Àfáà gbọ́ ẹjọ́ tán, ó bojú wo ilẹ̀.

"Ọmọ ò mọ̀. Ohun tó wá sínú omi ti dúró sínú yanrìn àti èédú. Níbo ni yanrìn náà wà?"

Rùqáyyà fi ìka han gọ́tà.

"Ta ló dà á síbẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì ń wo bàtà wọn. Ràzíátù sún síwájú.

"Èmi ni, Àfáà."

"Haba, Ràzíátù! Ìwọ tí mo kọ́ ní kéwú? Lọ kó o jáde."

Ó ká híjáàbù ẹ̀, ó tẹ̀ sí gọ́tà. Kò pẹ́ tó fi rí ọwọ́ kejì nínú ẹrẹ̀ náà. Fuseina ni.

"Fi mí sílẹ̀."

"Àǹtí mi, yóò yá jù báyìí."

Ràzíátù sọ fún mi pé gọ́tà kò rùn sí òun tó ìrànlọ́wọ́ ọwọ́ yẹn.

Nígbà tí sáà parí, Fuseina ni Ọ̀gá Bákàrè yàn. Tí àsìkò sáyẹ́ǹsì bá tó, kíláàsì Ràzíátù á dìde lọ bá a, òun nìkan á jókòó, á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá a nílé ìdáná, ó gé ike, ó da èédú àti yanrìn sí i. Omi tó dà sí i sàn ju èyí tó jáde lọ. Ó ṣe é ṣe é, ẹrẹ̀ ló ń kán. Ló bá gbé ike náà sábẹ́ híjáàbù, mo sì tẹ̀ lé e, ó lọ kan ilẹ̀kùn Fuseina.

Fuseina wò ó. "Àǹtí, ẹ ò kọ́kọ́ fọ yanrìn ni."

"Mo mọ̀," ni Ràzíátù wí.

Irọ́ ni. Kò mọ̀.

Kí lo wí, Zúbàírù? Ṣé ó ti wá fẹ́ràn ẹ̀ báyìí? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ti sọ fún mi pé yàrá Fuseina há. Bàráká, gbọn ẹní yẹn dáadáa. Ẹ fẹsẹ̀ yín sínú aṣọ nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì lọ sùn, ẹnu ti rẹ èmi.