Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Tí Dán-an-wò Kò Dúró

Dán-an-wò kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un. Ẹni tó bá ti kọ kóòdù tán, tó fẹ́ gbé e jáde, ìbéèrè kan náà ni yóò bá lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé ẹ ti dán an wò?" Bí onítọ̀hún bá ní òun ti fojú wò ó, á ní, "Ojú ò mọ ẹrù wò." Ó sọ ọ́ títí orúkọ fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èèyàn á kọ ètò kọ̀ǹpútà ní èdè Páítọ̀nù. Ètò náà ò lè dá rìn. A óò dì í bí ẹrù, gbogbo ohun tó ń lò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, a óò sì kọ ìwé ẹrù mọ́ ọn: fáìlì tí kò bá sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní bá ẹrù lọ. A óò wá gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ti lè fà á. Ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó bá ti jáde, ó ti jáde nìyẹn. Bí ẹyin ló rí.

Tẹ́lẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gbé kí ẹrù kan tó jáde. Wọn a gbàgbé ìkẹta, wọn a ṣe ìkẹsàn-án lẹ́ẹ̀mejì. Dán-an-wò ló jókòó tì í, tó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ mẹ́ta: dì, dán, gbé. Bí èèyàn bá ti tẹ̀ wọ́n, irinṣẹ́ náà á di ẹrù, á ya yàrá òfìfo kan sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, yàrá tí kò sí nǹkan ilé kankan nínú rẹ̀, á sì tú ẹrù síbẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé sílé, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Dídán yẹn ń gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bó bá yege, irinṣẹ́ á gbé e jáde.

Ọ̀rọ̀ kẹrin wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbàmígbọ́. Bí èèyàn bá tẹ ìyẹn, irinṣẹ́ á fo dídán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí pàjáwìrì lòun ṣe fi í síbẹ̀.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wọn tí wọ́n ń pè ní Aránṣọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rán aṣọ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí Dán-an-wò lọ́mọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn á fi wò ó, oṣù kẹta sì máa pé ní Fraidé. Bí ọ̀gá àgbà bá ní ó dáa, ó di òṣìṣẹ́. Bí kò bá ní bẹ́ẹ̀, ó di ìdí máṣínnì ìránṣọ padà.

Ètò kan wà tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń lò. Wọ́n á kọ ìwọ̀n ọmọ sí i, á sọ iye oògùn tí wọ́n máa fún un. Fáìlì ìwọ̀n inú rẹ̀ ti gbó. Aránṣọ ló ṣe tuntun, ó sì fún un lórúkọ tuntun. Ní Mọ́ńdè, ó tọ Dán-an-wò wá.

"Ọ̀gá mi, orúkọ fáìlì yẹn ti yí padà o. Ṣé ìwé ẹrù ò ní fẹ́ àtúnṣe?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, mà. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù, dídán á mú un."

Aránṣọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń kọ.

Nígbà tí Dán-an-wò fi máa gbé ẹrù náà jáde, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Aago márùn-ún ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń gbéra. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń kú lọ nílé. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń rò. Ó ṣí ètò náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Kí ni kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́? Ilé fáìlì náà nìyẹn. Ó tẹ gbàmígbọ́. Ẹrù kẹrìnlá jáde. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Túsìdé ò tíì lù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń wọn oògùn.

"Dán-an-wò! Ẹ̀rọ yín yadi o. Mo kọ ìwọ̀n ọmọ sí i, ó ní òun ò rí fáìlì."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sùúrù wo? Àwọn ìyá ọlọ́mọ kún iwájú mi. Bíròó ni mo fi ń ṣírò báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ṣe é kí n má lọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní àfúnjù. Ta ló ṣe irú èyí?"

"Ẹnì kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni."

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ kó tó mọ̀.

"Ẹ lé e!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó tún ìwé ẹrù ṣe, ó dán an wò, ó dúró tì í. Ẹrù kẹẹ̀ẹ́dógún jáde, àwọn ilé ìwòsàn sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ti pe gbogbo wọn jọ.

"Ta ló fọwọ́ kan fáìlì ìwọ̀n gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, sà," ni Aránṣọ wí.

"Ẹ̀yin! Ẹ rán ṣòkòtò, ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ kan?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Fraidé ń bọ̀ o, ìyá."

Aránṣọ wo Dán-an-wò lẹ́ẹ̀kan. Dán-an-wò ń wo ìsàlẹ̀ ife tíì bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Obìnrin náà gbójú kúrò. Kò sọ pé òun béèrè. Kò sọ ohun tí wọ́n fi dá òun lóhùn. Ìyẹn ló dun Dán-an-wò jù. Ká ní ó sọ ọ́ ni, wọn ì bá jọ jà á. Etí rẹ̀ gbóná títí di ìrọ̀lẹ́.

Irinṣẹ́ yẹn ní ìwé ìrántí tirẹ̀. Dán-an-wò fúnra rẹ̀ ló ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti àkókò. Ní Wẹ́sìdé ó ṣí i. Gbàmígbọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òmíràn wà lókè rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni lọ́dún yẹn. Kò sí pàjáwìrì kan nínú wọn. Èyí tó tẹ̀ ní oṣù kejì, ebi ló ń pa á.

Ó pa ìlà Mọ́ńdè rẹ́. Ó wá wò ó, ẹrù kẹtàlá, lẹ́yìn rẹ̀ ẹrù kẹẹ̀ẹ́dógún. Àlàfo náà dà bí eyín tó yọ níwájú ẹnu. Ó ti fo dídán, ó tún ti pa ẹ̀rí rẹ́; ó ti wá ṣe méjì báyìí.

Ní Tọ́sìdé, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, Aránṣọ mú ìwé rẹ̀ wá.

"Ọ̀gá mi, ẹ dákun, mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

"Ẹ jókòó, mà."

"Ẹ ní dídán á mú un. Òun rèé tí mo kọ. Mo wá ní bóyá irinṣẹ́ yẹn ti jò níbì kan. Mo fa ẹrù kẹrìnlá, mo dán an wò nílé. Ó mú un. Mo tún ṣe é, ó mú un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀gá mi."

Dán-an-wò ka ìlà tó kọ sínú ìwé náà.

"Ibi tí mo ti ṣì í ni mo fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí n máa lọ lọ́la, kí n má lọ tún un ṣe níbòmíràn."

"Ẹ ò ṣì í, mà."

"Hẹn?"

"Mo ní ẹ ò ṣì í. Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

Aránṣọ pa ìwé dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí aṣọ bá fún mọ́ oníbàárà lára, a kì í bá ara rẹ̀ jà. Ẹni tó wọ̀n ọ́n la máa ń béèrè."

Ó jáde lọ.

Kí Dán-an-wò tó wọ ọ́fíìsì ní Fraidé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹni tí ẹ ní ká lé yẹn, èmi ni." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìwọ?" Ó pa fóònù.

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, Dán-an-wò dìde. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kẹrin. Ó sọ ti mẹ́sàn-án. Ó sọ pé Aránṣọ béèrè, òun ní kó fi sílẹ̀. Ó sọ ìlà tó pa rẹ́. Kò kọ́kọ́ sọ ti fèrèsé, ó wá padà sọ ọ́.

Ọ̀gá àgbà wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dán-an-wò! Ìwọ náà! Ó máa ń ṣẹlẹ̀, jàre. Jókòó. Aránṣọ, ẹ ti di tiwa, ẹ lọ gba ìwé yín. Kí ló kàn?"

Ó tán nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Aránṣọ. Àṣìṣe kan náà ni: nígbà tó jẹ́ ti ìyá, Fraidé ń bọ̀, nígbà tó di ti Dán-an-wò, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Dán-an-wò ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Ẹ̀rín ni wọ́n fún un. Ó jókòó sórí ẹ̀rín náà bí ẹni jókòó sórí ẹ̀gún.

Lẹ́yìn ìpàdé, ó lọ bá obìnrin náà.

"Ẹ má bínú, mà."

"Túsìdé ni mo bínú," ni Aránṣọ wí. "Ní báyìí, mò ń wò yín ni. Ọ̀rọ̀ kẹrin yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ yọ ọ́ báyìí."

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ fúnra mi."

Wọ́n lọ sídìí tábìlì Dán-an-wò. Aránṣọ jókòó sórí àga rẹ̀, ó wọ awò, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà láti ìlà dé ìlà. Dán-an-wò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ ibi tí òun máa kó ọwọ́ sí.

"Ṣé kí n lọ bu tíì wá fún yín, mà?"

"Rárá," ni Aránṣọ wí, kò yíjú. "Ẹ dúró síbẹ̀."

Ó dúró.