Ọ̀gánwó Tó Fì Sójú Ọ̀nà Oko Ìdíátù

Ní ìlú Kambolé, bí igi kan bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù àtigé e, Sàkáríyà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo bíi ti gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayùn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kì í yára tan ẹ̀rọ náà. Á kọ́kọ́ yí igi ká, á wo orí rẹ̀, á sì wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa sá gbà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun àti Àlíù, tó gbà á ní ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n jọ ń gégi nígbà kan. Lọ́jọ́ kan, lọ́nà Tchamba, Àlíù ń gé ìrókò kan tó fì gan-an. Ó ti la ẹnu fún un níwájú, níhà ibi tó máa wó sí, ó wá ń gé e bọ̀ láti ẹ̀yìn. Kó tó gé e dé ibi tó yẹ, orí igi ti wúwo jù, ìdí rẹ̀ là sókè lójijì bí igi ìdáná, apá ẹ̀yìn ta padà, ó gbá Àlíù láyà. Wọn ò gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi kú.

Àwọn ààfáà sọ fún Ìdíátù, ìyàwó rẹ̀, pé àkókò ọkọ rẹ̀ ló tó. Ìdíátù gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gbájú mọ́ Làtífátù ọmọ rẹ̀. Sàkáríyà ní tirẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ayùn mọ́. Ó lọ sí Sokodé, ó ń fi alùpùpù kó èrò ní àdúgbò Kouloundè.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Ọláyíwọlá, bàbá arúgbó kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tó ń ta pákó ní àdúgbò Komah. Bàbá náà ti gégi púpọ̀ nígbà tí agbára wà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àlíù, ó mú ìtì igi kékeré kan, ó fi èédú fa ìlà sí i lára. Ó ní wọn kì í gé igi tó fì bọ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n á la ẹnu díẹ̀ fún un níwájú, wọ́n á wá fi orí ayùn gún un láti ẹ̀gbẹ́ já sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á fi igi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kó di igi mú. Ìgbà tí inú bá ti gé tán ni wọ́n á tó gé ti ẹ̀yìn yẹn. Igi á wó lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè là.

Ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ Sàkáríyà nínú, ó sì dùn ún pé Àlíù kò mọ̀ ọ́n. Ó padà sílé, ó tún mú ayùn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún Ìdíátù. Ó rò ó pé bí òun bá sọ pé ikú náà ṣeé yẹ̀, òun á gba ìtùnú tó ní lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì líle kan jà, ọ̀gánwó kan wá fì sójú ọ̀nà oko Ìdíátù, níbi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé. Ìdíátù ránṣẹ́ pe Sàkáríyà. Ó ní òun fẹ́ dúró wò ó. Sàkáríyà ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókèèrè, kó má ṣe wà lẹ́yìn igi rárá. Ó la ẹnu fún ọ̀gánwó náà, ó gún inú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé èyí tó kù lẹ́yìn. Igi náà wó gbalaja. Kùkùté rẹ̀ dúró láìlà.

Ìdíátù rìn wá, ó wo kùkùté náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe gé ìrókò ọjọ́ yẹn?"

"Rárá, Ìyá Làtífátù. A ò mọ èyí nígbà yẹn."

"Ká ní Àlíù mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

Sàkáríyà fẹ́ sọ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin náà, ó sì sọ ohun tó mọ̀.

"Igi yẹn kì bá tí là."

Ìdíátù jókòó sórí ìtì ọ̀gánwó, ó sunkún láìpariwo. Sàkáríyà jókòó jìnnà díẹ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà nu ojú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ fún òun ni.

"Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ àwọn tó kù."

Sàkáríyà pe àwọn agégi láti Kambolé títí dé Tchamba jọ sídìí igi mìíràn tó fì. Ìdíátù gún iyán fún wọn. Sàídù, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ní ọ̀nà yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ìdíátù ló dá a lóhùn. Ó rọra sọ bí wọ́n ṣe gbé ọkọ òun wálé.

Sàídù dìde. Ó mú ayùn, ó ní kí Sàkáríyà wá dúró ti òun.