Bí Mo Ṣe Ń Kú ní Japan

Ní Japan, kíkú ni iṣẹ́ mi. Mo ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó, mo ti ṣe olórin ilé ọtí, mo ti ṣe obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kí eré tó dé ìdajì, wọn á ti pa mí. Àwọn òṣèré ńlá á wá yí mi ká, wọn á máa jiyàn lórí ẹni tó pa mí, èmi á sì nà gbalaja sílẹ̀ láàárín wọn. Iṣẹ́ tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá débẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń bá àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n wá àjèjì ló rí mi, wọ́n ní obìnrin dúdú ò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bá wọn lọ.

Mo mọ iṣẹ́ náà o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdùbúlẹ̀ lásán ni. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìsàlẹ̀ ikùn mí, kí àyà má baà gbéra. Obìnrin tó ń kùn wá lójú kò ní pàúdà tó lè sọ ara dúdú di ara òkú, ló bá fúnra rẹ̀ po ohun kan tó rí bí eérú, ó fi pa mí láti iwájú orí dé ọrùn. Bí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà tán, ẹnì kan á wọ́n iyọ̀ sí mi lára kí ibi má baà tẹ̀ lé mi délé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á gbé òdòdó fún mi, nítorí pé ipa tèmi ti parí. Mo ya fọ́tò kan pẹ̀lú irú òdòdó bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá wò ó dáadáa, eérú náà ṣì wà lẹ́bàá etí mi. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Ìyá mi ń gbé ní Country Club Hills lẹ́bàá Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó fi férémù sí fọ́tò náà, ó gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo sọ fún un ni pé nọ́ọ̀sì ni mo máa ń ṣe nínú eré. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ọmọ méjì ni ìyá mi ti sin kó tó bí mi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí, ẹ̀bẹ̀ ni: wọ́n ń bẹ ọmọ pé kó dúró, kó má ṣe bíi ti àwọn tó ṣáájú. Nílé wa, ebi kì í pa èèyàn, ẹ̀rín kì í pa èèyàn. Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣèèṣì ní ebi ń pa òun, ìyá mi á dáhùn kíá pé, "Kò pa ọ́. Inú rẹ ló fẹ́ oúnjẹ." Ta ni yóò sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ikú ni òun fi ń jẹun?

Nígbà tí mo kó padà sí Chicago, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní West Ridge kí wọ́n tó mú mi fún reality show kan, níbi tí kámẹ́rà ti ń tẹ̀ lé àwa obìnrin Áfíríkà kiri bí a ṣe ń jẹ, bí a ṣe ń mu, bí a ṣe ń bú ara wa. Wọ́n ní orúkọ mi ti gùn jù. Mo mú kúkúrú kan tó rọrùn lẹ́nu wọn. Ìyá mi ní orúkọ ajá ni.

Lórí ìfihàn náà, mo sọ pé ìràwọ̀ òṣèré ni mí ní Japan. Mo sọ ọ́ débi pé ó ti sú àwọn yòókù. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tó ń bá wọn ta ilé ní Albany Park. Kò fẹ́ rí mi láti ọjọ́ tí mo ti sọ níwájú kámẹ́rà pé irun tó rà sórí gbọ́n ju orí tó gbé e lọ. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pe alárù ló ṣe máa ń pè é.

Ọjọ́ tí a jókòó ṣe àpérò ìkẹyìn, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, no shade o, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Can we roll the clip?"

Wọ́n ti ṣa gbogbo ikú mi jọ. Wọ́n tò ó tẹ̀ léra, wọ́n fi orin ijó sí i. Mo ṣubú, mo kú. Mo tún ṣubú, mo tún kú. Atọ́kùn ètò náà ń fi páálí ọwọ́ rẹ̀ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá sunkún níbẹ̀, omijé rẹ̀ ni wọ́n máa fi polówó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, mo ń gbá itan.

Nígbà tí a jáde, ó dì mọ́ mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, it's just TV. Mummy yín máa gbádùn ẹ̀. She's so cute."

Ó mọ ọ̀rọ̀ ìyá mi. Èmi ni mo sọ fún un, nígbà tí a ṣì ń jẹun pọ̀.

A ti tọwọ́ bọ̀wé pé a ò ní sọ ohunkóhun títí wọn á fi gbé e jáde. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sunday tí wọ́n máa fi hàn, mo wa mọ́tò lọ sí Country Club Hills láti rí i pé ìyá mi kò wò ó. Mo bá àwọn ìyá alásàlátù nílé, nínú ìbòrí funfun. Wọ́n máa ń dúró lẹ́yìn àdúrà láti wò mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Star wa! Ẹ kú drive o!"

"Mummy, ẹ jẹ́ ká jáde lọ jẹun," ni mo wí. "Mo ti book table."

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀ lórí TV kí n wá lọ jẹun?"

Mo yọ́ wọ kíṣìnì, mo fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀kan nínú àwọn alásàlátù náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. "Router lásán ni," ló wí, kò sì pẹ́ tó fi tún un ṣe. Wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Mo jókòó sáàárín wọn, mo di chin-chin mú.

Nígbà tó yá, ó dé orí ikú mi. Wọ́n rí mi tí mo ṣubú nílé ọtí. Wọ́n rí mi lórí ilẹ̀ ọsibítù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí mi nínú pósí, eérú lójú, aṣọ funfun títí dé àgbọ̀n. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dún yẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

"Inna lillahi wa inna ilayhi raji'un."

Gbogbo wọn gbè é. Èmi nìyẹn láàárín wọn, mo ń jẹ chin-chin, wọ́n ń ṣe àdúrà òkú lé mi lórí. Mo wo ìyá mi. Ètè tirẹ̀ náà ń mì.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá itan. Ojú ti àwọn ìyá náà, ọ̀kan ní "Astagfirullah", òmíràn fẹ́ bá mi rẹ́rìn-ín, ó rí i pé kò sí ẹni tó gbè é. Ìyá mi ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Kò wo ibi pósí. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ló wò. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí férémù.

"Òdòdó yẹn. Ṣé ọjọ́ tí o kú ni?"

"Mummy, eré ni. It's acting."

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ yẹn ni."

Kò pariwo. Ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa jẹun. Nígbà tí mo ń lọ, ó ti fúnra rẹ̀ já férémù náà wálẹ̀, ó dì í sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìrẹsì tí mo máa gbé lọ sílé.

Ó ṣì máa ń pè mí. Ó máa ń béèrè bóyá mo jẹun, bóyá òtútù mú mi. Orúkọ ajá yẹn ló fi ń pè mí báyìí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Mummy, èmi mà ni."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ṣé kì í ṣe orúkọ tí o fẹ́ nìyẹn? Mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́."