Hóró Mẹ́ta fún Ọjọ́ Mẹ́ta

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Gbọ́tèmi yọ káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lábẹ́ àpò ìrẹsì, ó tẹ hóró mẹ́ta jáde, ó dà wọ́n sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Hóró kan lójúmọ́ ni dókítà kọ fún un. Ṣùgbọ́n ìjọ wọn fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìjọ tiwọn, omi àti àdúrà nìkan ni oògùn. Ta ni yóò máa gbé oògùn mì lójú àwọn tó ń pè é ní Ìyá Àdúrà? Ó ní kí ti ọ̀la àti ti ọ̀túnla ti wà níkùn kí òun tó gòkè, àfi bí ẹni pé ikùn ni àká.

Oòrùn ti mú kí wọ́n tó dé ìlàjì àtẹ̀gùn. Omi ò kan ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti àárọ̀. Bùrọ́dà Olúlékè tó ń lé orin ló wà níwájú. Màmá Catherine, ọ̀rẹ́ Ìyá Gbọ́tèmi láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń sá kòkó ní Aládé, ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Lójijì, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú Ìyá Gbọ́tèmi. Ó na ọwọ́ sí irin, ọwọ́ rẹ̀ ò bà á, ó sì ṣubú.

"Iṣẹ́ ọ̀tá ni!" Màmá Catherine figbe ta. "Ẹ gbé e lọ sókè! Ẹ jẹ́ ká dé ilẹ̀ àdúrà!"

Olúlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọ̀n ọ́n. Ẹ̀rù ba Ìyá Gbọ́tèmi dé egungun. Kí ló wà lókè bí kò ṣe ahoro ilé àti òkúta? Bó bá sọ̀rọ̀, oyè Ìyá Àdúrà lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé sọ̀kalẹ̀ fún Olúwagbọ́tèmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo.

"Ẹ má gbé mi gòkè," ó sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo lo ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀."

Orin dákẹ́. Olúlékè wò ó. Ó pọ̀n ọ́n, ó kọjú sí ìsàlẹ̀.

Ní ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Kẹ́misọ́lá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà, ó ké sí dókítà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n fa omi sí i lára.

"Mọ̀ọ́mi, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé ti àná, ẹ kì í lo méjì lónìí," nọ́ọ̀sì wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá sọ fún wa. A ó máa ṣọ́ yín di ọ̀la o. Ohun tẹ́ ẹ gbé mì ò tíì ṣiṣẹ́ tán."

Ẹkún gbọ̀n Ìyá Gbọ́tèmi. Ìtìjú ńkọ́? Ẹ̀rù ò jẹ́ kó ráyè ìtìjú.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni Màmá Catherine ti fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tó yá, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì na káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ sí nọ́ọ̀sì. Ojú ihò mẹ́ta ti ṣófo lára rẹ̀.

"Láàárọ̀ yìí ni," ló wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó yọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. "Ìwọ ni mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi náà ń lò ó."