Iṣu Sísè Nínú Àpò Ìfàlọ́wọ́

Nígbà tí mo sọ ní Manigri pé mo ń lọ sí Dakar, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n ń bi mí. Ta ló bí? Ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó bí, kò sẹ́ni tó kú, fakansi ni mo ń lọ, mo fẹ́ lọ sinmi. Wọ́n á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, àfi bíi pé mo ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn: ta ló bí gan-an? Inú bí mi. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé kíkà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti sin ọkọ, mo ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí dàgbà. Ṣé obìnrin tó ṣe gbogbo ìyẹn ò lè wọ avíọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú, lọ jókòó sétí òkun láìjẹ́ pé ó ń lọ gbọ́mọ tàbí ó ń lọ sìnkú?

Ọmọ mi obìnrin yìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar, ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n wá sinmi, kí n fi eruku àti èéfín sílẹ̀ díẹ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́. Kì í ṣe ikọ́ tó ń wá tó ń lọ. Àìsàn tí mo ti ń bá gbé tipẹ́ ni, a ó sì jọ wà títí dópin. Bí mo bá ń gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń dúró lágbedeméjì, kí n máa ṣe bí ẹni tó ń wo oko kajú àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé mo fẹ́ràn oko wọn gan-an.

Ní Bassila ni mo ti gbọ́ orúkọ àìsàn náà. Dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, tí mo lè bí lọ́mọ, bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń fa sìgá?" Sìgá. Èmi. Díẹ̀ ló kù kí n dìde lórí àga. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń yan gàrí nínú àtíbàbà kan tí kò ní fèrèsé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la sì ń koná fún un láti ìgbà tí a ti lè gbé igi. Nígbà tí mo lọ́kọ, igi náà ni mo fi ń dáná. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo Manigri ló ń sun koríko yí oko kajú ká kí iná ńlá má baà wọ ibẹ̀, a ó sì máa fa èéfín náà símú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́. Dókítà náà gbọ́ mi dé òpin, ó ní ó yé òun, ó ní kí n má bínú. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo jókòó.

Òun náà ni mo tún lọ bá nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì dé. Ó ní kí n máa rìn lọ, kí n máa rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi nǹkan kékeré kan há mi níka, ó ń wò ó, lẹ́yìn náà ó ní mo lè lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ inú avíọ̀n fúyẹ́ ju ti ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáṣá ò ní mọ̀, àmọ́ èmi lè mọ̀. Nítorí náà, kí n sọ fún àwọn tó ni avíọ̀n pé mo ní àìsàn, kí pọ́ǹpù mi má sì jìnnà sí mi rárá. Pọ́ǹpù ni ike kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀. Tí àyà bá há mi, mo máa ń fi í sẹ́nu, mo máa ń tẹ orí rẹ̀, mo sì máa fa oògùn náà sínú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ayé á tún gbà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti kajú ló ń gbìn, òun sì ni àgbà ilé wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Nílé wa, ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í di ẹrù ara rẹ̀. Ó máa kó ohun tó fẹ́ gbé lọ sílẹ̀, àgbà ilé ló máa tò ó sínú àpò, tó máa ṣàdúrà sí i, tó máa wá fi aṣọ funfun pélébé so ọwọ́ àpò náà. Tó bá ti so ó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u títí onítọ̀hún á fi dé ibi tó ń lọ. Bàbá wa ló so tèmi nígbà tí mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo sì rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn àṣà yìí tẹ́lẹ̀, mi ò ní parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo kó gbogbo ẹrù mi sórí ẹní. Èmi fúnra mi ni mo fi pọ́ǹpù sínú àpò ìfàlọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò yìí o. Òun ni mo fi ń mí."

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo máa jáde, aṣọ funfun ti wà lọ́wọ́ valísì, àpótí ńlá mi, ó ti wà lọ́wọ́ àpò ìfàlọ́wọ́, àwọn ará ilé àti aládùúgbò sì ti kún àgbàlá láti wá kí mi. Wọ́n ń béèrè pé ṣé ara le, mo ń dá wọn lóhùn pé ara le, a dúpẹ́. Ohun tí à ń wí nìyẹn. Èèyàn lè máa gbọ̀n bí ewé nínú ibà, kó ṣì dáhùn pé ara le, kí àlejò tó ti ẹnu ọ̀nà wọlé tán.

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé Kutonu. Ọ̀nà náà jìn, èéfín àwọn kamíọ̀n akẹ́rù tó wà níwájú wa sì ń wọ inú ọkọ̀. Lóòrèkóòrè, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí awakọ̀ dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórúnkún. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Mi ò tún wádìí, nítorí ọ̀rọ̀ ara mi ló gbà mí lọ́kàn.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ bi mí ní Faransé bóyá mo ní àìsàn kankan tó yẹ kí àwọn mọ̀. Ìbéèrè tí dókítà ní kí n dáhùn gan-an nìyí. Mo la ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn.

"Kò ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ le."

Mo wojú rẹ̀. Ó wo ibòmíràn. Èmi tí mo ti fi ẹnu yìí pàṣẹ fún kíláàsì tó kún fọ́fọ́, mi ò lè pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́ níṣojú ọmọ yẹn. Mo pa ẹnu dé. Mo sọ fún ara mi pé kò burú, pọ́ǹpù mi wà lọ́wọ́ mi. Valísì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, èmi náà bá tèmi lọ.

Nígbà tí avíọ̀n gòkè, ó kọ́kọ́ dára. Mo rí ìkùukùu lábẹ́ mi, mo rò pé màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn aláìgbàgbọ́ Manigri. Lẹ́yìn náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: èémí ń wọlé, kò fẹ́ jáde, ó sì ń dún fíì fíì lọ́fun. Mo ní kí ni mo ń dúró dè. Mo tú aṣọ funfun náà, àṣà tàbí kò sí àṣà, mo ki ọwọ́ bọ inú àpò.

Iṣu sísè ni mo bá níbẹ̀. Iṣu sísè tó ti tutù, tó wà nínú saṣé ọ̀rá, pẹ̀lú ata gígún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti kajú yíyan. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí itan. Mo gbọn àpò náà. Kò sí pọ́ǹpù.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ibi tó wà. Láti ìgbà tí mo ti ń gba oògùn ní Bassila, bí àlejò bá ti ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á yára ju aṣọ sórí oògùn mi tàbí kó rì í sínú èlùbọ́. Ó ní kò bójú mu kí wọ́n rí i. Ó ti rí i pé gbogbo àgbàlá ń bọ̀ wá kí mi, àpò ìfàlọ́wọ́ sì lèyí tí gbogbo ojú máa rí. Ó yọ àìsàn mi kúrò nínú rẹ̀, ó fi oúnjẹ rọ́pò, ó wá ri pọ́ǹpù náà sínú èlùbọ́ tí mo ń gbé lọ fún ọmọ mi. Èlùbọ́ wà nínú valísì. Valísì wà nísàlẹ̀ avíọ̀n, níbi tí kò sẹ́ni tó lè dé. Inú bí mi títí ojú mi fi ṣú. Àmọ́ ìbínú ń gba èémí, mi ò sì ní èyí tí mo lè ná sí i.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa nínú avíọ̀n ń kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó béèrè bí ara ṣe rí. "Ṣé ó ń lọ, Màmá?"

"Ó ń lọ, a dúpẹ́," ni mo wí.

Ó kọjá lọ.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohun tí ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Mi ò ní èémí tó tó láti fẹ́ iná fìtílà, mo sì lo ìwọ̀nba tó kù láti fi dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀ tí mo lè di ẹ̀bi rù. Mo bínú sí i síbẹ̀, mo bínú sí gbogbo ilé wa, mo bínú sí ara mi. Mo na ọwọ́ sókè. Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ náà.

Ọmọbìnrin náà padà wá. Mo ń sọ ọ́ ní ègé, ègé: "Kò lọ. Mo ní àìsàn. Ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò lè mí."

Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ nígbà tí wọ́n béèrè. Kò dúró gbọ́ èsì, ó sáré gbé ìgò afẹ́fẹ́ wá, ó fi ìbòmú rẹ̀ bò mí nímú. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ti fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bo imú tirẹ̀, ó fara rọ́ mọ́ fèrèsé. Ó rò pé ikọ́ ife ni. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo yọ ìbòmú náà díẹ̀. Mo ní, "Kì í ràn. Èéfín ló fà á." Ó mi orí bí ẹni tó gbà mí gbọ́, kò sì sọ kọ́là rẹ̀ sílẹ̀ títí a fi balẹ̀. Ìgò afẹ́fẹ́ náà ló gbé mi dé Dakar.

Ní ilé ọmọ mi, a tú valísì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò èlùbọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fa pọ́ǹpù mi jáde. Èlùbọ́ ti dí i lẹ́nu pátápátá. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, ó gbé àga fún mi síta, níbi tí a ti ń rí òkun. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

"Ṣé o gúnlẹ̀ ire? Ṣé ara le?"

"Ara ò le, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí ni mo wí. Ó dà bíi pé kò tíì gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ rí. Mo ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kankan bò. Mo ní, "Díẹ̀ ló kù kí ẹ pa mí."

"N ò fẹ́ kí wọ́n lé ẹ padà ni," ló wí. "Tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ ẹ, wọ́n lè ní kí o má wọ̀ ọ́. Gbogbo èèyàn sì wà lágbàlá. Mo ní ká fi oúnjẹ síbẹ̀, kí ebi má pa ẹ́ lọ́nà."

Mo fẹ́ bú. Ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n mi. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ nínú fóònù, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀: fíì, fíì. Èémí tó wọlé tí kò fẹ́ jáde. Mo mọ ìró yẹn ju bí mo ṣe mọ ohùn ara mi lọ. Inú àtíbàbà kan náà la ti jọ koná.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara le?"

"Ara le."

"Ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣé ara le?"

"Láti èṣí ni n ò ti lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́," ló wí. "Ìjókòó ni mo ń sùn."

Mo rántí gbogbo ibi tó ti ní kí awakọ̀ dúró lọ́nà Kutonu. Inú tó bí mi nígbà náà ju ti inú avíọ̀n lọ fíìfíì, omi sì ń jáde lójú mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ sí Bassila lọ́la, kó wá dókítà yẹn rí. Mo ní, "Á bi yín bóyá ẹ ń fa sìgá, ẹ má bínú sí i. Ṣùgbọ́n tó bá bi yín pé ṣé ara le, Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a lóhùn bí ẹ ṣe ń dá àwọn ará àgbàlá lóhùn."

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ohun kan náà tó wí nípa pọ́ǹpù, láàárọ̀ ọjọ́ tó di ẹrù mi, nìyẹn.